Àwòrán tí Ọyẹ́ Gbé Wá sí Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Mi

Ọmọ ọmọ mi kan bi mí léèrè láìpẹ́ yìí pé iṣẹ́ wo ni kí òun kọ́. Ó ní òun fẹ́ràn ohun tó bá ti jẹ mọ́ iná. Mo ní kó jókòó. Ìyá rẹ̀ ké láti inú ilé, ó ní, "Bàbá, ẹ má fi ìtàn dẹ́rù bà á o!" Ìtàn wo? Rẹ́díò àti tẹlifíṣàn ni mo fi gbogbo ayé mi tún ṣe ní ilẹ̀ Rẹ́mọ yìí, oúnjẹ ibẹ̀ ni òun náà jẹ dàgbà, kò sì sí ọjọ́ kan tó bi mí ohun tí ojú mi rí lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀hún. Ó dáa. Gbogbo ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ kọ́, ẹ bá ọmọ náà jókòó. Bí ẹ̀rù bá bà yín, ẹ fara dà á, ẹ̀rù ba èmi náà.

Ìrólú ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́fà tí kò sí agbára láti tẹ̀ síwájú, bàbá mi mú mi lọ sí Ṣàgámù, sí àdúgbò Mákun, sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ṣówándé. Àwọn ológun ń múra nígbà náà láti gbé ìjọba fún alágbádá, gbogbo ènìyàn sì fẹ́ gbọ́ ìròyìn, ni rẹ́díò bá ń bàjẹ́ bí ẹni pé wọ́n ṣépè fún un. Bàbá mi ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, wọ́n kọ ìwé àdéhùn ọdún márùn-ún, ó gbá mi lórí, ó ní, "Délé, iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́," ó sì wọ ọkọ̀ padà sílé. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè sunkún níwájú rẹ́díò tó ń kọrin.

Ọ̀gá mi tín-ín-rín, kì í sọ̀rọ̀. Bó bá ń ṣiṣẹ́ lára tẹlifíṣàn tí iná wà nínú rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló máa ń lò, yóò ká ọwọ́ òsì sẹ́yìn bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Mo rò pé àrùn ló ń ṣe ọwọ́ náà. Ó di oṣù kẹta kí n tó gbójúgbóyà bi í. Ó ní, "Bí iná bá gba ọwọ́ kan wọlé, tó bá ọwọ́ kejì jáde, àyà ló gbà kọjá. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni kí iná mọ̀."

Ọdún kan gbáko, n kò fọwọ́ kan irin tí wọ́n fi ń jó òjé. Ilẹ̀ ni mo ń gbá. Bí mo bá gbálẹ̀ tán, ọ̀gá yóò da àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí wọ́n fi ọ̀dà yí lára sórí àtẹ, yóò ní kí n ka nọ́ńbà tí àwọ̀ ara wọn dúró fún. Dúdú, òdo. Àwọ̀ ilẹ̀, oókan. Pupa, eéjì. Ọsàn, ẹẹ́ta. Bí mo bá ṣì í, yóò fi ẹ̀yìn síkúrúdíráfà kan mí ní oríkèé ìka. Títí di òní, bí mo bá rí obìnrin tó wọ aṣọ pupa àti ọsàn, oríkèé ìka mi ń rántí.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ní ṣọ́ọ̀bù náà ni pẹpẹ ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni rẹ́díò àwọn tó ti kú wà. Ẹni tó gbé e wá ti papò dà, àwọn ọmọ kò sì wá gbé e. Ọ̀gá kì í tà wọ́n, kì í tú wọn jẹ. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, yóò kó gbogbo wọn sára iná fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Ó ní bí ẹ̀rọ bá pẹ́ jù láìmu iná, inú rẹ̀ yóò gbẹ, kò ní í ṣiṣẹ́ mọ́. Òótọ́ ni, mo wá mọ̀ nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ń gbọ́ tí rẹ́díò katikísì, rẹ́díò ìyá aláṣọ àti rẹ́díò awakọ̀ kan tó kú ní Ìpẹ̀rú ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀gá sì ń rìn láàárín wọn, tó ń tẹ́tí sí wọn níkọ̀ọ̀kan. Mo máa ń lọ pọn omi lọ́jọ́ Sátidé, kódà bí omi bá kún àmù.

Lọ́jọ́ kan, mo ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣàn tí a ti yọ lára iná láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó gbé mi jù sára ògiri. Nígbà tí ojú mi là, ọ̀gá dúró lé mi lórí. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ó ti kú?" Ó wá fi hàn mí bí ojú gíláàsì ńlá yẹn ṣe máa ń pa iná mọ́ sínú, àti bí a ṣe ń tú u jáde kí a tó fọwọ́ kàn án. Òfin kejì tó fún mi lọ́jọ́ náà rèé: "Bí àwòrán bá ti dé, mú ọwọ́ rẹ kúrò. Ohun tó ti dára, má wá bí yóò ṣe dára jù."

Mo parí ọdún márùn-ún, wọ́n gbà mí sílẹ̀, mo ní kí n ṣì dúró lọ́dọ̀ ọ̀gá díẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Yèyé Bánjọ ṣẹlẹ̀.

Obì ni Yèyé Bánjọ ń tà. Iwájú ṣọ́ọ̀bù wa ló máa ń jókòó sí, yóò máa ṣa obì, yóò máa fi ewé wé e. Bánjọ nìkan lọmọ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó láyọ̀ ni, òun ló ń gbé apẹ̀rẹ̀ obì fún ìyá rẹ̀ nígbà tí mo dé Ṣàgámù. Nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì máa ń wà lára apẹ̀rẹ̀, bí òógùn bá bò ó, èjìká ló fi ń nu ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kódà bí kò bá gbé nǹkan kan, yóò ṣe bẹ́ẹ̀. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò tíì pé ọdún kan tó gbé Ṣadé níyàwó tó fi bá ọkọ̀ obì lọ sí ọ̀nà Kùtọ́nù. Ọkọ̀ náà já sínú omi nítòsí bodè. Àwọn ènìyàn ní omi ti gbé gbogbo wọn lọ. Kò sẹ́ni tó rí òkú Bánjọ. Aṣọ kan kò padà wálé.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ọdún márùn-ún ni Yèyé fi gbé ìnira yẹn. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ọmọ náà ní olóògbé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ Yèyé, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìjọ, wá sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní kí wọ́n ṣe ìsìn ìdágbére fún Bánjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n sì tú Ṣadé sílẹ̀ kó lè lọ fẹ́ ẹlòmíràn, nítorí olùkọ́ kan láti Ìkẹ́nnẹ́ ti ń béèrè rẹ̀. Wọ́n fi ìsìn náà sí ọjọ́ Àìkú kan nígbà ọyẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ fẹ́ lọ wádìí ní Kùtọ́nù, kò ṣeé ṣe, nítorí àwọn ológun ti padà dé, wọ́n sì ti ti bodè pa.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú ọjọ́ Àìkú yẹn, ọ̀gá lọ ṣiṣẹ́ ní Ìlíṣàn, ó fi mí sílẹ̀ kí n parí tẹlifíṣàn ńlá kan. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti kọjá díẹ̀, ojú ọ̀run funfun, eruku ọyẹ́ bo gbogbo nǹkan. Yèyé gbé àtẹ obì rẹ̀ wọlé nítorí atẹ́gùn. Mo tan tẹlifíṣàn, mo ń wá ibùdó tẹlifíṣàn wa. Ohun tó ń fara hàn dà bíi gaàrí tí wọ́n ń kù. Mo yí i síwájú díẹ̀, ni gaàrí náà bá là, àwòrán sì jáde láàárín rẹ̀.

Kì í ṣe ibùdó wa. Ọjà kan ni, àwọn ènìyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀, obìnrin kan ń sọ èdè Faransé lórí rẹ̀. Ọ̀gá ti sọ fún mi rí pé bí ọyẹ́ bá mú dáadáa, afẹ́fẹ́ a máa gbé àwòrán kọjá ààlà rẹ̀, bí ohùn ṣe máa ń rìn jìnnà lórí omi láàárọ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì fojú rí i. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán náà ní òjìji funfun tó ń tẹ̀ lé e, bí ẹni pé gbogbo wọn di méjì méjì.

Ọkùnrin kan rìn wọ inú àwòrán náà láti apá òsì. Ẹrù wà lórí rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ó yíjú díẹ̀, ó sì fi èjìká nu ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Àtẹ obì dà nù. "Bánjọ!" Yèyé ti wà níwájú gíláàsì, ó na ìka sí i. "Bánjọ mi rèé! Délé, ṣe é kó mọ́, kí n rí ojú rẹ̀!"

Èmi náà ti rí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba níbí. Mo mọ èjìká yẹn, mo mọ bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Gbogbo ohun tó yẹ kí n ṣe ni pé kí n mú ọwọ́ mi kúrò bí ọ̀gá ti wí. Ṣùgbọ́n ìyá kan ń bẹ̀ mí, iṣẹ́ mi sì ni láti mú àwòrán mọ́. Mo na ọwọ́ sí áńtẹ́nà, mo yí i, kò tó ìbú ìka kan. Gaàrí bo gbogbo ojú rẹ̀.

Mo yí i padà, kò dé. Mo yí i sókè, mo yí i sílẹ̀, mo gbé e jáde síta. Ìgbà tí ilẹ̀ ṣú, ibùdó wa nìkan ló wà níbẹ̀, ọkùnrin kan ń ka ìròyìn. Yèyé ṣì dúró síbi tó dúró sí, ó ń wo ẹnu ọkùnrin náà.

Nígbà tí ọ̀gá dé, mo rò ó fún un. Ó ní, "Kí lo fọwọ́ kàn?" Mo ní áńtẹ́nà ni. Ó jókòó sórí àpótí, kò lù mí. Ìbá lù mí, ìbá sàn fún mi.

Yèyé ti lọ sọ fún gbogbo ilé pé Bánjọ wà láàyè, pé Délé náà rí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Bàbá Ìjọ ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀gá bá mi lọ. Bí mo ṣe ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ṣadé gbé omi wá fún mi. Ó tẹjú mọ́ mi. Ó rọra sọ̀rọ̀, ó ní, "Délé, ọdún márùn-ún ni mo ti dúró. Bí o bá ní o rí i, màá tún dúró ni." Kò bẹ̀ mí. Mo mu omi náà. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé yóò dúró lóòótọ́, títí irun rẹ̀ yóò fi funfun.

Inú pálọ̀ kún fún àgbà. Bàbá Ìjọ tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe.

"Ọmọ dáadáa, ìwọ lo mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí. Ṣé Bánjọ lo rí, àbí kì í ṣe òun?"

Mo ti ronú lórí ìdáhùn mi láti ìgbà yẹn títí mo fi hewú. Àánú Ṣadé ṣe mí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú tún ń tì mí: bí mo bá ní mo rí i, wọn yóò bi mí ìdí tí mo fi yí i kúrò. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé bóyá ojú mi ló tàn mí. Gbogbo rẹ̀ para pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi.

Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, òjìji ni. Ọyẹ́ ló ń da àwòrán pọ̀. N kò rí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀."

Gbogbo pálọ̀ mí kanlẹ̀. Yèyé kò pariwo. Ó yíjú sí mi, ó fi èdè Rẹ́mọ ilé sọ ọ́ wẹ́rẹ́, "Délé, wo rí i. Wo rí ọmọ mi." Pé mo rí i, pé ọmọ òun ni mo rí. Bàbá Ìjọ ní kí wọ́n mú un wọ yàrá lọ sinmi.

A rìn dé ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá bi mí pé, "Ojú rẹ rí i, àbí kò rí i?" Mo ní, "Ó rí i, sà." Ó ṣí ìlẹ̀kùn, ó wọlé, ó ní, "Òótọ́ sísọ ni n kò lè kọ́ ọ." Kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Wọ́n ṣe ìsìn náà. Ṣadé fẹ́ olùkọ́, ó lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, ó bímọ. Yèyé ra tẹlifíṣàn kékeré kan tó jẹ́ dúdú àti funfun, ó ní kí èmi gan-an wá gbé e kalẹ̀. Ó ní, "Ibi tí àwòrán ọjọ́sí ti wá ni kí o gbé e sí. Má fi ibòmíràn hàn mí." Ibi tí kò sí nǹkan kan ni. Gaàrí nìkan ni, pẹ̀lú ariwo ṣààà. Iwájú rẹ̀ ni Yèyé máa ń jókòó ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọyẹ́, ìmọ́lẹ̀ funfun náà a sì máa jó lójú rẹ̀. Àwọn ọmọdé kì í gba iwájú fèrèsé rẹ̀ kọjá. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti yí. Bí ẹ̀rọ náà bá bàjẹ́, èmi ni mo ń tún un ṣe, yóò sì fún mi ní awẹ́ obì, yóò ní, "Ẹ̀rọ yìí kò purọ́ fún mi rí." Mo máa ń jẹ obì náà. Kò sí ohun tó korò tó o.

Nígbà tí wọ́n ṣí bodè, mo dọ́gbọ́n lọ sí Kùtọ́nù. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta rin ọjà wọn, mo ń wo èjìká àwọn alárù. Àwọn tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ ní kí n ṣàpèjúwe ẹni tí mo ń wá. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ó máa ń fi èjìká nu ẹ̀rẹ̀kẹ́? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní gbogbo alárù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo padà sílé, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ìlíṣàn, mo fẹ́yàwó, iṣẹ́ sì yí padà mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn ẹ̀rọ tí inú wọn ń pọ́n bí ẹyín iná kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn kéékèèké tí kì í tàn rárá dé. Tẹlifíṣàn aláwọ̀ mèremère dé. Tẹ́sítà alábẹ́rẹ́ tí mo fi ń wọn iná di èyí tó ń kọ nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Lónìí, wọn kì í tún nǹkan ṣe mọ́, wọ́n á yọ odidi, wọ́n á ki òmíràn bọ̀ ọ́, wọ́n á ní àwọn ti ṣiṣẹ́. Ẹ má bínú, àgbà ló ń kùn. Iṣẹ́ náà dára, ó bọ́ mi, ó bọ́ ilé mi. Ohun tó bá bàjẹ́ níwájú mi, mo ní irinṣẹ́ tí màá fi wá ibi tó ti já. Ẹyin lohùn, n kò rí irinṣẹ́ kankan fún èyí tó bọ́ lẹ́nu mi ní pálọ̀ Bàbá Ìjọ.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ikú Yèyé sẹ́yìn, nítorí ẹnu mi wúwo láti sọ ọ́. N kò tíì kúrò ní Mákun nígbà náà. Ìrọ̀lẹ́ ọyẹ́ kan ni, Ṣadé já wọ ṣọ́ọ̀bù, ọmọ rẹ̀ kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò já Yèyé sílẹ̀ láti ìgbà tó ti fẹ́ ẹlòmíràn, ó máa ń wá tọ́jú rẹ̀. Ó ní, "Délé, Yèyé ti lọ. Orí àga ló kú sí. Ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Wá bá wa pa á."

Àwọn ará ilé dúró síta. Èmi àti Ṣadé nìkan la wọlé. Wọ́n ti fi aṣọ bo Yèyé lórí àga. Níwájú rẹ̀, àwòrán mọ́ kedere, mímọ́ tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Ọjà ni. Àwọn ènìyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀, pẹ̀lú òjìji wọn. Obìnrin kan ń sọ èdè Faransé.

Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú àga náà. Ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ jù fún mi. Mo ní, "Yèyé, ẹ dárí jì mí. Mo rí i lọ́jọ́ náà. Ọmọ yín ni." Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó rántí pé Ṣadé wà lẹ́yìn mi.

Ó ní, "Mo mọ̀. Nígbà tí mo gbé omi fún ọ, o kò sọ fún mi pé o kò rí i. Mo mọ̀, mo sì jẹ́ kí o purọ́ fún mi."

Mo dìde, mo na ọwọ́ láti pa ẹ̀rọ náà. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Yèyé, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń wo ojú gbogbo ọkùnrin tó ń kọjá níkọ̀ọ̀kan. Kò ṣẹ́jú. Nígbà tó yá, àwòrán náà ṣá, gaàrí bò ó, ariwo ṣààà gba yàrá. Kò dìde.

Ó ní, "Ṣé ó máa ń padà wá?"

Mo ní, "Nígbà mìíràn, bí ọyẹ́ bá mú."

Ó ní lẹ́yìn ìsìnkú kí n gbé ẹ̀rọ náà wá sí Ìkẹ́nnẹ́ fún òun, kí n má yí i kúrò níbi tó wà, kí n má sì sọ fún ọkọ òun ohun tó wà fún. Mo gbé e lọ.